Ọdún igi àwọn Júù: Akẹ́kọ̀ọ́ ń gbìn ín, ta ni yóò máa bomi rin ín?

Bí oṣù kìn-ín-ní ọdún bá ti ń parí lọ ní ìhà àríwá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí yìnyín bo ilẹ̀, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi dúró láìní ewé kankan lórí, ìgbà náà gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n jẹ́ Júù ní àwọn yunifásítì ibẹ̀ máa ń kó èso jọ sórí tábìlì, tí wọ́n á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí igi. Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè rò pé nǹkan ń ṣe wọ́n. Ta ni í ṣe ọdún igi nígbà tí igi ń sùn? Àmọ́ ọdún náà kò bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ Ísírẹ́lì ni ó ti ṣẹ̀ wá, níbi tí igi álímọ́ńdì ti máa ń yọ òdòdó ní àsìkò yìí kan náà, tí àwọn àgbà Júù ìgbàanì sì ń sọ pé èyí tó pọ̀ jù nínú òjò ọdún ti rọ̀ tán. (Álímọ́ńdì tí à ń wí yìí kì í ṣe igi furúùtù tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń sọ lókò nílẹ̀ Yorùbá o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni àwọn òyìnbó ń pe méjèèjì.)

Tu Bishvat ni wọ́n ń pe ọdún yìí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, orúkọ yìí náà sì ní ohun tí wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́. Lẹ́tà ni àwọn Hébérù máa ń fi ka òǹkà. Lẹ́tà kan dúró fún mẹ́sàn-án, òmíràn dúró fún mẹ́fà. Bí wọ́n bá so méjèèjì pọ̀, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ohùn wọn sì ń dún bíi 'tu'. Shvat ni orúkọ oṣù. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Shvat ni gbogbo rẹ̀ túmọ̀ sí. Bí ó ti yẹ kó rí ni kí wọ́n fi lẹ́tà mẹ́wàá àti lẹ́tà márùn-ún kọ ọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà méjèèjì yẹn wà lára orúkọ Ọlọ́run, wọn kò sì fẹ́ máa fi orúkọ mímọ́ ṣe òǹkà lásán.

Òṣùpá ni wọ́n fi ń ka oṣù, bíi ti àwọn Mùsùlùmí, ìdí nìyẹn tí òṣùpá fi máa ń mọ́lẹ̀ rokoṣo lóru ọdún náà. Àmọ́ ọdún yìí kì í yí ká gbogbo àsìkò bí Iléyá, nítorí pé àwọn Júù máa ń fi oṣù kan kún ọdún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọdún má baà ṣí kúrò nípò rẹ̀. Ní 2025, ọjọ́ 13 oṣù kejì ni ó bọ́ sí. Ní 2026, ọjọ́ 2 oṣù kejì ni. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìrọ̀lẹ́ ni ọjọ́ tuntun ti ń wọlé lọ́dọ̀ wọn.

Ẹni tó bá ṣí Bíbélì láti wá ọdún yìí kò ní rí i. Mósè kò pa á láṣẹ, wòlíì kankan kò sì sọ̀rọ̀ rẹ̀. Inú Mishnah ni ó ti jáde, ìyẹn àkójọ òfin àtẹnudẹ́nu tí àwọn rábì kọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Jésù. Wọ́n sọ níbẹ̀ pé ọdún tuntun mẹ́rin ló wà: ti àwọn ọba, ti ìdámẹ́wàá ẹran ọ̀sìn, ti òǹkà ọdún, àti ti igi. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ láìfi bọ́tà sí i, ọ̀rọ̀ ìṣirò ló bí ọdún yìí. Àgbẹ̀ ní láti san ìdámẹ́wàá lórí èso, kò sì gbọdọ̀ mú èso ọdún tó kọjá san ti ọdún tuntun. Ibo wá ni ààlà wà? Èso tó bá ti yọ ṣáájú ọjọ́ yẹn, ti ọdún tó lọ ni. Èyí tó bá yọ lẹ́yìn rẹ̀, ti ọdún tuntun ni.

Ìjà díẹ̀ tilẹ̀ wà lórí ọjọ́ náà. Ilé ẹ̀kọ́ Shammai ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Shvat ni kí wọ́n fi pààlà. Ilé ẹ̀kọ́ Hillel ní rárá, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni. Ti Hillel ló lékè, bó ti máa ń rí láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ Hillel yìí sọ́kàn, nítorí pé òun ni orúkọ tí a ó tún bá pàdé ní yunifásítì.

Ní ọdún 1923, rábì ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Benjamin Frankel dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Júù ní Yunifásítì Illinois. Hillel ni wọ́n sọ ọ́, wọ́n fi orúkọ àgbà tó gbé ayé ṣáájú kí Jésù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwàásù dá a lọ́lá. Ẹgbẹ́ náà ti tàn dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó sì wà lára àwọn tó máa ń pe akẹ́kọ̀ọ́ jọ sídìí tábìlì èso ní ọdọọdún. Bóyá àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ lọ́jọ́ náà kò tilẹ̀ rántí igi rárá, síbẹ̀ ọmọ ilé Hillel ló ń ṣe ọdún tí ilé Hillel dá.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é dùn ún gbọ́. Nígbà tí wọ́n ti wó Tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù ní ọdún 70, tí kò sí ẹni tí yóò gba ìdámẹ́wàá níbẹ̀ mọ́, ó yẹ kí ọjọ́ yìí kú tipẹ́. Àwọn tó jí i dìde ni àwọn tó ń wá ìjìnlẹ̀ ohun ìkọ̀kọ̀ Ọlọ́run, tí wọ́n ń pe ìmọ̀ wọn ní Kabbalah. Ìlú Safed ní Gálílì ni ibùjókòó wọn ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, níbi tí Isaac Luria, ọ̀gá wọn tó lókìkí jù, kú sí ní 1572. Àwọn tó tẹ̀ lé ìlànà wọn ló gbé àsè tábìlì kan kalẹ̀ fún ọjọ́ náà, èyí tó jọ àsè Ìrékọjá, pẹ̀lú ife wáìnì mẹ́rin. Ife àkọ́kọ́ funfun gbòò. Èkejì funfun, wọ́n á ta pupa díẹ̀ sí i. Ẹ̀kẹta pupa, wọ́n á ta funfun díẹ̀ sí i. Ẹ̀kẹrin pupa fòò. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé ilẹ̀ ń kúrò nínú òtútù bọ́ sínú ooru.

Èso náà ní ipò. Àwọn tí èèpo wọn le tí a kì í jẹ ló ṣáájú, bí álímọ́ńdì, wọ́núùtù àti ọsàn. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí ẹ̀yìn wọn rọ̀ ṣùgbọ́n tí kóro wà nínú wọn, bíi dàbínù àti èso ólífì. Ẹ̀kẹta ni àwọn tí a ń jẹ tèèpo-tèèpo, bí ọ̀pọ̀tọ́ àti èso àjàrà. Ní ipò kẹrin, kò sí èso rárá, nítorí pé wọ́n gbà pé ibi tí ọ̀rọ̀ dé yẹn, ẹnu kò lè jẹ ẹ́. Àwọn kan kàn máa ń gbọ́ òórùn ohun tó ń ta sánsán ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ràn ìpele yìí púpọ̀, wọ́n á máa fi ṣe àlàyé ìwà ọmọ ènìyàn: ẹni tó le níta tó rọ̀ nínú, ẹni tó rọ̀ níta tó le nínú, àti ẹni tí inú àti ẹ̀yìn rẹ̀ dọ́gba. Nínú wáìnì náà, òfin Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21 mu ọtí, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí kò sì tíì pé bẹ́ẹ̀. Omi èso àjàrà ni ọ̀pọ̀ wọn ń dà sínú ife.

Èso kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí àwọn òǹkàwé mọ̀. Kárọ́ọ̀bù ni orúkọ rẹ̀, ó gùn, ó dúdú, ó le bí igi gbígbẹ. Àwọn Júù Amẹ́ríkà tí wọ́n ti dàgbà ṣì ń rántí bí wọ́n ṣe máa ń pín in fún wọn nílé ìwé nígbà èwe, tí wọ́n á máa họ ọ́ lẹ́yìn eyín títí ẹnu á fi máa ro wọ́n. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ gbà pé òun ni oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ tí ọmọ onínàákúnàá fẹ́ fi yó nínú ìtàn tí Jésù sọ nínú ìwé Lúùkù. Mọ̀lẹ́bí sì ni òun àti igi irúgbá tí àwọn ìyá ń fi èso rẹ̀ ṣe irú nílẹ̀ Yorùbá, ìdílé ẹ̀wà ni igi méjèèjì ti wá. Nígbà tí àwọn òyìnbó dé ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n rí irúgbá, orúkọ kárọ́ọ̀bù tiwọn ni wọ́n fi pè é.

Òun náà ló wà nínú ìtàn tí wọn kì í ṣaláì sọ lọ́jọ́ yẹn. Inú Talmud ni ìtàn náà wà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Honi rí bàbá arúgbó kan tó ń gbin kárọ́ọ̀bù, ó bi í léèrè pé ọdún mélòó ni yóò gbà kí ó tó so. Bàbá ní àádọ́rin ọdún ni. Honi bi í bóyá ó rò pé òun yóò wà láyé di ìgbà náà. Ìdáhùn bàbá náà ni pé òun bá kárọ́ọ̀bù láyé nítorí pé àwọn bàbá òun gbìn ín, òun náà ń gbìn fún àwọn ọmọ òun. Àgbẹ̀ tó bá ti gbin obì rí kò nílò rábì tí yóò túmọ̀ èyí fún un. Ọ̀rọ̀ àgbà mìíràn tún wà láti ẹnu Rábì Yohanan ọmọ Zakkai, pé bí ọmọ igi bá wà lọ́wọ́ ẹni, tí wọ́n wá sọ fún un pé Mèsáyà ti dé, kí ó kọ́kọ́ gbin igi rẹ̀ tán kí ó tó lọ pàdé rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí tó ń ka ìwé yìí yóò rántí pé hadíìsì kan wà tó jọ ọ́ gan-an, tí Ànábì ti sọ pé bí ọjọ́ àjíǹde bá dé bá ẹni tí ọmọ igi wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó gbìn ín bí agbára rẹ̀ bá ká a.

Èrò tó hàn gbangba nínú gbogbo èyí ni pé ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó yẹ kí ọdún yìí wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ wọn náà ni ó ti lè di eré. Ó yẹ wọ́n nítorí pé kò ní wàhálà. Kò sí òfin pé kí wọ́n má ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kò sí ààwẹ̀, kò sí pé kí wọ́n pa kíláàsì jẹ. Ọmọ tí ilé rẹ̀ kò tẹ̀ lé ẹ̀sìn tọkàntọkàn, tí kò mọ Hébérù kà, lè jókòó síbẹ̀ láìsí ìtìjú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì tàbí Mùsùlùmí lè bá a jókòó. Ta ni kì í jẹ dàbínù?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo òfin Mósè lórí igi, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti fẹjú. Nínú Léfítíkù orí kọkàndínlógún, a pa á láṣẹ pé bí ènìyàn bá gbin igi eléso, kò gbọdọ̀ jẹ èso rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ní ọdún kẹrin, mímọ́ ni èso náà, ti Ọlọ́run ni. Ọdún karùn-ún ni ẹni tó gbìn ín tó lè máa jẹ ẹ́. Ẹ wá fi èyí wé ẹ̀kọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́rin ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbin igi ápù sọ́gbà ilé ìwé ní ọdún tó wọlé, ọdún mẹ́ta ni yóò máa wò ó láìfẹnu kàn án. Ní ọdún kẹrin, nígbà tó ń múra láti gba ìwé ẹ̀rí, ti Ọlọ́run ni èso yẹn. Ní ọdún karùn-ún tí ẹnu tó yẹ kó kàn án, ó ti di òṣìṣẹ́ báńkì ní New York tàbí Chicago, ọmọ mìíràn tí kò mọ orúkọ rẹ̀ ló ń ká a. Kò sí àpèjúwe tó dára ju èyí lọ fún ẹ̀kọ́ tí ọdún yìí fẹ́ kọ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹni tí òfin yìí bá mu jù lọ láyé, nítorí pé kò sí ọ̀nà tí yóò fi jẹ nínú ohun tó gbìn.

Ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó nìyí: ẹni tí kò ní jẹ níbẹ̀, tí kò sì ní sí níbẹ̀, kì í sábà bomi rin ín. Ọjọ́ ìgbìn, fọ́tò yóò wà, orin yóò wà, ọgbọ̀n ọwọ́ yóò di ṣọ́bìrì kan mú. Oṣù keje, nígbà tí oòrùn bá mú tí ilé ìwé sì wà ní ìsinmi, ta ni yóò gbé omi wá? Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ni, àwọn tí ẹnikẹ́ni kò pè sídìí tábìlì èso. Ní àwọn ìpínlẹ̀ tó tutù, ilẹ̀ tilẹ̀ máa ń le bí òkúta ní ọjọ́ ọdún náà, a kò lè gbẹ́ ẹ. Ẹgbẹ́ tó bá gbọ́n máa ń jẹ èso ní oṣù kejì, kí wọ́n tó gbin igi ní oṣù kẹrin, nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀ tí gbogbo Amẹ́ríkà sì ń ṣe Ọjọ́ Ilẹ̀ Ayé, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin, 1970. Àwọn mìíràn máa ń gbin ewébẹ̀ pásílì sínú ìkòkò kékeré lójú fèrèsé yàrá wọn, wọ́n á ká a fún tábìlì Ìrékọjá lẹ́yìn bí oṣù méjì. Ó dà bí eré ọmọdé, àmọ́ ó sàn ju ọ̀pọ̀ ayẹyẹ lọ. Ẹni tó bá gbàgbé láti bomi rin pásílì tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan yóò fojú ara rẹ̀ rí àbájáde.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò gba kí ọwọ́ kan ilẹ̀ rárá, ìyẹn ni kí wọ́n fi owó ránṣẹ́. Ní ọdún 1890, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Zeev Yavetz kó àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ jáde ní Zichron Yaakov lọ gbin igi lọ́jọ́ Tu Bishvat. Lẹ́yìn náà ni àjọ Jewish National Fund, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1901, sọ ọ́ di iṣẹ́ gbogbo ilẹ̀. Ìran lórí ìran àwọn ọmọ Júù ní Amẹ́ríkà ló ti sọ kọ́bọ̀ sínú kóló aláwọ̀ búlúù àjọ yìí. Ó pẹ́ tí dọ́là 18 ti jẹ́ iye owó igi kan, nítorí pé òǹkà 18 ní lẹ́tà Hébérù ni ó túmọ̀ sí ìyè, wọ́n á sì fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ sí ẹni tó san án. Àjọ náà ń sọ pé igi tí òun ti gbìn ju 240 mílíọ̀nù lọ.

Iṣẹ́ ńlá ni, kò sí ẹni tí yóò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí òkúta àti erùpẹ̀ gbígbẹ nìkan wà tẹ́lẹ̀ ti di igbó. Àmọ́ iye igi tí a gbìn kọ́ ni iye igi tó wà lóòró. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tó ní igba ni òun gbìn, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òótọ́ tán, yóò jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, igi páìnì ni wọ́n gbìn jù nítorí pé ó ń yára dàgbà, páìnì sì máa ń gbiná wàràwàrà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2010, iná sọ lórí Òkè Kámẹ́lì, níbi tí Èlíjà ti bá àwọn wòlíì Báálì figagbága, ènìyàn 44 ló sì bá a lọ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n wà nínú bọ́ọ̀sì kan. Àwọn olùtọ́jú igbó ti ń gbin oríṣiríṣi igi tó jẹ́ ti ilẹ̀ náà pọ̀ mọ́ páìnì báyìí.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tó máa ń le lẹ́nu ju kárọ́ọ̀bù lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n gbin àwọn igi kan sí, ènìyàn ti ń gbé ibẹ̀ rí. Wọ́n wó àwọn abúlé Imwas àti Yalo tí àwọn ará Palẹstáìnì ń gbé lẹ́bàá Latrun nígbà ogun 1967. Orí ilẹ̀ wọn ni wọ́n ṣe ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan sí, tí wọ́n ń pè ní Canada Park nítorí pé àwọn Júù Kánádà ló dá owó rẹ̀. Igi rẹ̀ lẹ́wà, òjìji rẹ̀ tutù. Àmọ́ òkúta ilé àtijọ́ ṣì wà láàárín rẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023, nígbà tí Hamas kọ lu Ísírẹ́lì tí ogun Gásà sì tẹ̀ lé e, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí wọ́n ti lè dárúkọ ilẹ̀ yìí ní yunifásítì Amẹ́ríkà kí ohùn má ròkè. Nígbà ìwọ́de tó gba ọgbà ilé ìwé kan ní 2024, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Júù wà nínú àgọ́ àwọn olùwọ́de, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Júù mìíràn sì ń sọ pé ẹ̀rù ìwọ́de yẹn ń ba àwọn láti rìn lọ sí kíláàsì.

Àwọn olórí kan ń wí pé kí wọ́n má gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá sídìí èso, kí ọdún igi jẹ́ ọdún igi lásán. Ó yé ènìyàn ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ìmọ̀ràn náà kò ràn án. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ọ̀rọ̀ igi. Òfin tí wọ́n ń kà lọ́jọ́ náà fúnra rẹ̀, nínú Diutarónómì orí ogún, ogun ló dá lé lórí: bí ẹ bá dó ti ìlú kan, ẹ má ṣe gé igi eléso rẹ̀. Àwọn rábì gba ibẹ̀ fà á gùn, wọ́n ní kì í ṣe igi nìkan, a kò gbọdọ̀ ba ohunkóhun tó wúlò jẹ́ láìnídìí. Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe ka òfin ogun, tí wọn yóò sì ní kí ó má ronú ogun? Tábìlì tí ọmọ méjì tí wọn kò fohùn ṣọ̀kan lórí Gásà bá ti lè jọ pín ọ̀pọ̀tọ́ jẹ, tí wọ́n sì jọ bèèrè pé igi ólífì ta ni wọ́n gé, níbo, nítorí kí ni, ó dára ju tábìlì ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lọ. Igi ólífì àgbẹ̀ Palẹstáìnì wà lábẹ́ òfin yẹn, igi eléso àgbẹ̀ Ísírẹ́lì náà wà lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá ń gégi nínú igbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara ẹni wò.

Kì í ṣe pé ọdún yìí kò tíì ṣiṣẹ́ gidi rí ní Amẹ́ríkà. Ní àríwá California, igbó kan wà tí wọ́n ń pè ní Headwaters, tí àwọn igi redwood inú rẹ̀ ti wà láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ilé iṣẹ́ onígẹdú Pacific Lumber ló ni ín, ilé iṣẹ́ Maxxam ti ìlú Houston, tí Charles Hurwitz jẹ́ olórí rẹ̀, ló sì ni Pacific Lumber. Júù ni Hurwitz. Ní Tu Bishvat ọdún 1997, àwọn rábì àti àwọn Júù mìíràn lọ ṣe ọdún wọn nítòsí ibẹ̀. Lẹ́yìn èso àti àdúrà, wọ́n wọ orí ilẹ̀ ilé iṣẹ́ náà láìgbàṣẹ, wọ́n gbin ọmọ igi redwood sí i. Wọn kò bú ọkùnrin náà. Wọ́n kàn fi òfin tí òun àtàwọn jọ ní bá a sọ̀rọ̀ ni. Àwọn ajàjàgbara mìíràn ti wà nídìí ìjà yẹn tipẹ́, nítorí náà kò ní tọ̀nà kí ẹnikẹ́ni sọ pé àwọn rábì ló gba igbó náà là. Àmọ́ ní 1999, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà àti ìjọba California ra ilẹ̀ tó ju 7,000 éékà lọ, wọ́n sì fi ṣe igbó àìgbọdọ̀-gé.

Èyí tó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mú níbẹ̀ kì í ṣe pé kí wọ́n máa ya wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn náà mọ igi tí wọ́n ń sọ, wọ́n mọ ẹni tó ni ín, wọ́n sì padà síbẹ̀. Ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ní igi tirẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá gbin igi mẹ́ta péré, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ọdún báyìí ni a gbìn ín, kí àwọn ọdún kẹrin fà á lé àwọn ọdún kìn-ín-ní lọ́wọ́ kí wọ́n tó jáde, bí ìgbà tí wọ́n ń fa ìwé owó ẹgbẹ́ léni lọ́wọ́. Kí wọ́n sì pe àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà sídìí tábìlì, kí wọ́n bi wọ́n léèrè igi tó ń ṣàìsàn. Kí dọ́là 18 náà máa lọ bó ti ń lọ, ṣùgbọ́n kí ó má di owó tí ènìyàn fi ń ra ara rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́.

Ó ní ọdún kan tó ń bọ̀ tí yóò dán wọn wò. Ọdún keje-keje ni òfin Mósè ní kí ilẹ̀ Ísírẹ́lì sinmi, kí ẹnikẹ́ni má gbin igi sí i. Èyí tó kẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ó parí ní oṣù kẹsàn-án 2022. Èyí tó kàn yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2028. Nígbà tí Tu Bishvat ọdún 2029 bá dé, àwọn tó ń pa òfin náà mọ́ ní Ísírẹ́lì kò ní gbin igi kankan. Òfin yẹn kò de ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ tó wọ yunifásítì ní oṣù kẹsàn-án 2025 yóò wà ní ọdún kẹrin wọn nígbà náà, igi tí wọ́n bá gbìn ní ọdún àkọ́kọ́ wọn yóò sì ti kúrò nínú ọdún mẹ́ta èèwọ̀ rẹ̀, bí ó bá ṣì wà láàyè.